Òwú Tí Mo Fà Gùn

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìkìrun, abẹ́rẹ́ ni ọ̀tá mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń sá fún ẹgba tíṣà, àwọn mìíràn ń sá fún omi pípọn, èmi ń sá fún abẹ́rẹ́ ìyá tó bí bàbá mi. Ìyá Àgbà ni gbogbo agboolé ń pè wọ́n. Ojú wọn ti di bàìbàì kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò yé rán nǹkan. Aṣọ tó bá ya nínú agboolé wa, ọ̀dọ̀ wọn ló ń bọ̀. Ìró tó lu, ṣòkòtò oko tí orúnkún rẹ̀ ti já, àpò ìwé àwa ọmọ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ lórí àpótí kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà, wọn kì í sì í gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n lè rán aṣọ láì wò ó rárá. Ohun kan ṣoṣo tí wọn kò lè dá ṣe ni kí wọ́n fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

Ibẹ̀ ni wàhálà tèmi ti bẹ̀rẹ̀. "Ojú mi òo!" Bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn, nítorí pé èmi ni mo ń bá wọn ríran. Bí mo bá wà nídìí òkòtó, "Ojú mi òo!" Bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òkèlè àkọ́kọ́ sẹ́nu, "Ojú mi òo!" Bí mo bá wà lókè igi máńgòrò tí mo ti na ọwọ́ tán, tó ku díẹ̀ kí n ká èyí tó pọ́n, àfi "Ojú mi dà?" Màá sọ̀kalẹ̀, màá sáré wá, màá fi òwú bọ abẹ́rẹ́, màá sáré padà. Kí n tó dé ìdí eré, òwú ti tán. Inú á bí mi débi pé ẹkún á fẹ́ máa bọ́ lójú mi.

Bẹ́ẹ̀, Ìyá Àgbà kò gbà kí ẹnikẹ́ni ráhùn nítòsí wọn. Òfin kan wà lẹ́nu ọ̀nà wọn níbẹ̀. Bí o bá ti ráhùn, wọ́n á gbé aṣọ sílẹ̀ lórí itan, wọ́n á kọjú sí ọ, wọ́n á ní, "Kí ni ire tó wà níbẹ̀?" O ò ní jẹun, o ò ní jáde, àfi tí o bá wá ire kan jáde nínú ohun tó ń bí ọ nínú. Òrùlé jò sórí ẹní mi mọ́jú, kí ni ire tó wà níbẹ̀? Omi ìwẹ̀ wá bá wa nílé, a ò ní lọ sódò láàárọ̀. Igi tútù ń rú èéfín sí wa lójú, kí ni ire ibẹ̀? Kòkòrò ò ní jẹ àgbàdo orí àjà. Lọ́jọ́ kan, ewúrẹ́ jẹ iṣu sísun mọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ́wọ́. Ọmọkùnrin náà jókòó, ó ń ronú ire títí oòrùn fi ń lọ wọ̀. Nígbà tó yá ó ní, "Ìyá Àgbà, ó fi èèpo sílẹ̀ fún mi." Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n sì fún un ní odidi iṣu mìíràn.

Èmi náà bi wọ́n lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Ìyá Àgbà, abẹ́rẹ́ tí ẹ máa ń pè mí sí yìí ńkọ́? Kí ni ire tó wà níbẹ̀?" Wọ́n ní kí n lọ wá a. Mo wá a, mi ò rí i, mo sì pinnu nínú ara mi pé kò sí.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan báyìí. Ìyá Àgbà ti kọ́ mi pé òwú abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ gùn ju láti orí ìka dé ìgbọ̀nwọ́ lọ. Wọ́n fi apá tèmi gan-an wọ̀n ọ́n fún mi. Òwú tó bá ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí wọ́n bá ti ń fà á ni yóò máa lọ́, yóò sì ta kókó. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n mo ro ó pé bí mo bá fa òwú gùn, wọn kò ní tètè pè mí padà. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á díẹ̀díẹ̀ kọjá ìgbọ̀nwọ́, títí tó fi ń dé èjìká. Bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án pé ó gùn, wọ́n á fi eyín já a, wọ́n á sì máa rán nǹkan wọn lọ. Ẹni tí wọ́n ní kó wá fẹ́ni lójú, tó wá fi ata sẹ́nu, èmi yìí ni.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Bàbá mi wà ní Jọ́ọ̀sì lókè Ọya, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ kùsà. Ìyá mi ń ṣàìsàn. Ọmọ Òkukù ni wọ́n. Nígbà tí àìsàn náà kò gbọ́ tibí tí kò gbọ́ tọ̀hún, àwọn èèyàn wọn wá gbé wọn lọ sílé, kí ìyá tó bí wọn lè máa tọ́jú wọn. Èmi dúró lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà ní Ìkìrun nítorí ilé ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà ọlidé gígùn, ní ọrọọrún tí wọ́n bá ń ná ọjà Òkukù, ìyàwó ilé wa kan tó ń ta iyọ̀ níbẹ̀ máa ń mú mi dání kí n lè lọ wo ìyá mi. Bọ́lẹ́kájà kan ṣoṣo ló ń gbéra ní Ìkìrun láàárọ̀ ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Yóò gba Inísà kọjá, yóò sì dé Òkukù kí oòrùn tó mú. Bí o kò bá bá a, ó di ọrún tó ń bọ̀.

Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, ìyá mi wà lórí ẹní nínú yàrá, wọ́n ti gbẹ. Mo ń rò fún wọn pé bàbá mi fi káábà kan ránṣẹ́ sí mi láti Jọ́ọ̀sì, pé aláwọ̀ ewé ni, òdòdó funfun sì wà lára rẹ̀. Ìyá mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, "Wọ̀ ọ́ wá lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Mo fẹ́ rí i lára ẹ." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo jẹ, òun ni mo sì mu, títí ọjọ́ ọjà fi pé.

Káábà náà gùn jù. Bàbá mi ti gbàgbé bí mo ṣe kéré tó, tàbí ó rò pé mo ti dàgbà ju bí mo ṣe wà lọ. Bí mo bá wọ̀ ọ́, ilẹ̀ ló ń wọ́. Ìyá Àgbà ní àwọn yóò ṣẹ́ ẹ sókè, àwọn yóò rán ìṣẹ́tí rẹ̀ yípo. Ṣùgbọ́n wọ́n lọ bá wọn ṣòkú ní Ìbà, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà ni wọ́n tó dé, ojú wọn kò sì gba abẹ́rẹ́ tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, pé kùtùkùtù làwọn yóò rán an.

Lóòótọ́, kùtùkùtù ni wọ́n jí. Ìyàwó ilé wa ti gbé igbá iyọ̀ rẹ̀ sórí, ó ní òun ń lọ gbààyè sílẹ̀ fún mi nínú ọkọ̀, kí n tètè máa bọ̀. Mo bẹ Ìyá Àgbà pé kí wọ́n jẹ́ kí n wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé màá fi ọwọ́ gbé e sókè. Wọ́n ní láéláé. Wọ́n ní, "Ṣé kí ìyá ẹ wò ọ́, kó máa rò pé a ò tọ́jú ẹ? Ó ń ṣàìsàn, a ò ní fi ìyẹn kún un. Ó yá, Ojú mi, fi òwú bọ̀ ọ́ fún mi."

Mo gba abẹ́rẹ́. Etí mi wà lójú ọ̀nà níbi tí mo ti ń gbọ́ ariwo ọkọ̀. Mo fa òwú. Mo fà á kọjá ìgbọ̀nwọ́, mo fà á kọjá èjìká, mo na apá méjèèjì, mo tún fà á. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí òwú kan ṣoṣo yìí rán gbogbo rẹ̀ yípo, kí n má tún dúró fi òmíràn bọ abẹ́rẹ́. Ìyá Àgbà gbà á. Ọwọ́ wọn ra òwú náà lọ, ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dé ìpẹ̀kun rẹ̀. Mo rò pé wọn yóò fi eyín já a gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Wọn kò já a. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rán.

Wọ́n rán an dé ìdajì, ó lọ́. Wọ́n fà á, ó ta kókó. Wọ́n fẹ́ tú kókó náà, aṣọ hun jọ. Wọ́n fi itọ́ sí i, wọ́n fi èékánná wá ojú rẹ̀, wọn kò rí i, èmi náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mò ń tú u, omijé kò sì jẹ́ kí èmi gan-an ríran. Ibi tí a wà nìyẹn tí bọ́lẹ́kájà fi fun fèrè lẹ́ẹ̀kíní. Ó fun ún lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá Àgbà fi eyín já òwú náà, wọ́n ní, "Sáré!" Mo sáré. Ìdajì káábà wà lókè, ìdajì ń wọ́ nílẹ̀, mo ṣubú lẹ́ẹ̀kan, mo dìde. Eruku ọkọ̀ ni mo bá.

Ìyá Àgbà tọ̀ mí wá pẹ̀lú ọ̀pá wọn, wọ́n sì ti di ìró mọ́dìí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mò ń ké. Wọ́n dúró lórí mi díẹ̀, wọ́n wá bi ara wọn léèrè ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń bi wá. "Kí ni ire tó wà níbẹ̀?" Wọ́n dá ara wọn lóhùn pé ire ibẹ̀ ni pé Ọlọ́run fún wa lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní àwọn ará àtijọ́ kò gun ọkọ̀ kankan kí wọ́n tó ná ọjà Òkukù. Wọ́n gbé ẹ̀kọ tí a fẹ́ gbé lọ fún ìyá mi lé orí, wọ́n fà mí lọ́wọ́ dìde, a sì gba ọ̀nà Inísà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má gbàgbé pé arúgbó ni wọ́n, orúnkún ọ̀tún wọn sì máa ń wú bí òjò bá ti ń bọ̀. A rìn. Gbogbo ohun tí a bá lọ́nà ni wọ́n ń rí ire sí. Òkúta tó gún mi lẹ́sẹ̀, ire ibẹ̀ ni pé mo rọra ń rìn, mo lè wo ojú ọ̀nà. Oòrùn tó ń mú, ire ibẹ̀ ni pé òjò ò ní pa wá. Mò ń bínú sí wọn gidi, nítorí pé lójú tèmi, àwọn ni wọ́n fi ìṣẹ́tí káábà dá mi dúró. Ọ̀rọ̀ òwú wà nísàlẹ̀ ikùn mi, ṣùgbọ́n mo fi ìbínú tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Nígbà tí a dé Inísà, oòrùn ti wà ní àtàrí, orúnkún wọn kò gbà mọ́. A jókòó sábẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́bàá títì. Obìnrin kan gbé omi wá fún wa. Ó ní kí a dúró, ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ akẹ́rù kan láti ọ̀nà jíjìn á tún kọjá lọ sí Òkukù. Ìyá Àgbà yọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi há etí gèlè wọn, wọ́n sì tú òwú láti inú ìró wọn. Wọ́n ní kí ọkọ̀ tó dé, àwọn yóò parí ìṣẹ́tí yẹn. "Ojú mi, gbà, fi òwú bọ̀ ọ́ fún mi."

Mo ní mi ò ríran.

Irọ́ ni. Wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni. Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ sókè sí ojú ọ̀run, wọ́n fi òwú sẹ́nu, wọ́n fi ìka lọ́ ọ, wọ́n ń wá ojú abẹ́rẹ́. Òwú á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n á tún fi sẹ́nu. Mo jókòó, mò ń wò wọ́n. Bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ojú ń tì mí, àgbà tí mo dà yìí.

Ẹnu ìyẹn ni wọ́n wà tí ọkọ̀ kan fi ti ọ̀nà Òkukù bọ̀, tó dúró. Ìyàwó ilé wa ló sọ̀ nínú rẹ̀. Ọjà kò tíì kún nírú àkókò yẹn, igbá iyọ̀ rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀ bó ṣe gbé e kúrò nílé. Ìyá Àgbà kò rí ojú rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n rí igbá tó kún náà. Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Obìnrin náà sọ igbá kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sọ nǹkan sí wọn létí. Ìyá Àgbà tú gèlè wọn, wọ́n tún un wé, wọ́n tún un tú.

Mo bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní kò sí nǹkan, pé a ti ń padà sílé. Inú wá bí mi ju ti àárọ̀ lọ. Gbogbo ìrìn yìí, a tún ń padà! Mo dìde níwájú wọn, mo fi ọwọ́ sí ìbàdí, mo sì fi ohùn wọn gan-an sín wọn jẹ. Mo ní, "Ìyá Àgbà, kí ni ire tó wà níbẹ̀?"

Ìyàwó ilé wa fẹ́ fọ́ mi létí. Ìyá Àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n la ẹnu wọn, wọ́n pa á dé. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú mọ̀ wọ́n, mi ò rí ọjọ́ tí wọn kò rí nǹkan sọ sí ìbéèrè yẹn rí, àfi ọjọ́ náà.

Ọjọ́ kejì, nínú ọkọ̀ tí àwọn ará ilé wa háyà, ni a tó dé Òkukù. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ìyá mi ti dákẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ ọjà. Òkú ọ̀fọ̀ ni, ìyá àti bàbá wọn ṣì wà láyé, wọn kì í sì í dá irú òkú bẹ́ẹ̀ dúró. Wọ́n ti sin wọ́n. Ilẹ̀ tútù ni wọ́n fi hàn mí lẹ́yìn ilé. Mo wọ káábà náà lọ, ìdajì rẹ̀ lókè, ìdajì rẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni bọ́ ọ lára mi.

Ìyá tó bí ìyá mi jókòó sílẹ̀, irun wọn wà ní títú. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ àwọn béèrè láàárọ̀ yẹn pé, "Ṣé ọkọ̀ Ìkìrun ò tíì dé?" Wọ́n ní nígbà tí ọkọ̀ dé, tí ìyàwó ilé wa nìkan wọlé wá, ọmọ àwọn yí ojú sí ògiri. Wọ́n wá kọjú sí Ìyá Àgbà. Wọ́n ní, "Kí la fi ṣe yín? Kí la fi ṣe yín tẹ́ ẹ fi dá ọmọ dúró tí kò rí ìyá ẹ̀?" Ìyá Àgbà fi ọ̀pá sílẹ̀, wọ́n fi orúnkún tó wú yẹn kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ líle níwájú àna wọn tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ jù lọ. Wọ́n ní, "Èmi ni mo dá a dúró. Ojú mi ló fọ́, ọwọ́ mi ò sì yá. Ẹ foríjì mí."

Mo dúró sí ibẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo mọ òwú tí mo fà. Mi ò sọ nǹkan kan.

Láti ọjọ́ náà, ìyá ìyá mi kò bá Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú. Nígbà ọdún, wọ́n á fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi láti Òkukù, wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni kí àna wọn. Ìyá Àgbà kò ráhùn. Wọ́n ń rán aṣọ wọn lọ, wọ́n ń pè mí, mò ń sáré wá, mi ò sì fa òwú kọjá ìgbọ̀nwọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè yẹn mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ráhùn lọ́jọ́ kan pé adìẹ su sórí ìwé òun, gbogbo wa ń retí. Wọ́n kàn ní kó lọ nù ún.

Mo ti di tíṣà kí n tó lè la ẹnu mi sọ ọ́. Mo wá sílé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ojú Ìyá Àgbà ti fọ́ tán nígbà náà, orí ẹní ni wọ́n máa ń wà. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ mi, wọ́n ní, "Ojú mi, ìwọ nìyẹn?" Mo kúnlẹ̀ tì wọ́n. Mo ní, "Ìyá Àgbà, òwú ọjọ́ káábà yẹn, èmi ni mo fà á gùn. Mo mọ̀ ọ́n mọ̀ fà á ni."

Wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ọ ní abẹ́rẹ́? Ọwọ́ mi ló ń rán an. Ṣé ọwọ́ mi ò mọ òwú tó gùn ni?"

Mo ní, "Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò já a?"

"Èmi náà ń kánjú. Mo rò pé á gbà wá."

Mo ní kí ló dé tí wọn kò sọ ọ́ lójú àwọn ará Òkukù nígbà náà. Wọ́n nawọ́, wọ́n wá orí mi kàn, wọ́n gbé ọwọ́ lé e. Wọ́n ní, "O bi mí ní ìbéèrè kan ní Inísà. Mo wá a títí. Ire kan ṣoṣo tí mo rí níbẹ̀ ni pé èmi ni wọ́n bínú sí, wọn ò bínú sí ọ. Èmi, ọjọ́ mélòó ló kù fún mi? Ìwọ ṣì máa nílò àwọn ará Òkukù." Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjọ́ náà ni mo mọ ohun tí ó ń ná àgbà láti di orí ọmọ náà mú.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ wa. Ọ̀nà Ìkìrun sí Òkukù tó gba ìyá mi lọ́wọ́ mi, ọ̀kadà ń fi ìwọ̀nba ìṣẹ́jú rìn ín lónìí, bọ́ọ̀sì kéékèèké sì kún gárèèjì. Bí èyí bá lọ, òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ tó bá ya, ẹ ń sọ ọ́ nù. Àwọn ọmọ mi ń rí ojú mi nínú fóònù láti òkèèrè. Mi ò bínú sí ìyẹn, ìbá ṣe pé irú rẹ̀ wà nígbà náà, ìyá mi ì bá rí káábà yẹn. Ṣùgbọ́n mo ń rí i pé ohun kékeré ń bí yín nínú ju àwa lọ. Iná lọ, ẹ ṣépè. Fóònù kò tètè ṣí, ẹ pòṣé. Arúgbó pè yín lẹ́ẹ̀mejì, ojú yín ti fàro. Mi ò lè bi yín pé kí ni ire tó wà níbẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ọjọ́ mìíràn wà tí kò sí èsì. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ohun tó ń bí ọmọdé nínú, ẹnì kan wà nídìí rẹ̀ tó nílò ọmọ náà.

Káábà náà ṣì wà nínú àpótí mi. Òdòdó funfun rẹ̀ ti pọ́n. Kókó òwú yẹn wà lára ìṣẹ́tí rẹ̀, ìdajì tó kù sì wà bẹ́ẹ̀ láìrán, nítorí láti ọjọ́ Inísà kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé e jáde síta nílé mi ní Ìkìrun níbí. Mo ní kí n parí rẹ̀ kí ọlọ́jọ́ tó dé. Mo wá ojú abẹ́rẹ́ títí, mi ò rí i. Mo wá pe ọmọ ọmọ mi obìnrin tó wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi. Ó jáde wá pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó gba abẹ́rẹ́, ó fa òwú. Ó fà á, ó fà á, ó na apá méjèèjì.

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún náà fẹ́ gbọ̀n mí. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi apá mi wọ̀n ọ́n, mo sì fi eyín já a níbi ìgbọ̀nwọ́. Ó ní, "Màmá Àgbà, ẹ ó tún máa pè mí nìyẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, màá máa pè é títí aṣọ yìí á fi parí. Ó kùn díẹ̀, ó wọlé lọ.

Mo rán an lọ díẹ̀, òwú tán. Mo pè é. Ó wá.